Àtẹ Tí Mo Sọ̀ Lórí Naa Korkor

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tí kò bá rí àga, kó tẹ́ ẹní. Láti Sọ́ńdè ni ẹ ti ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ kú. Àmínà ti gbé oògùn wá, ẹnìkan ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ẹlòmíràn ní oòrùn ló pa mí jù. Ẹ rí ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n tòun ti àtẹ tí mo dì mú, ẹ sì rò pé àìsàn ni. Kì í ṣe àìsàn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Arúgbó bíi tèmi, tó ti sin ìyàwó, tó ti sin àbúrò, obìnrin kan tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀ láti ẹnu géètì ló ń já mi láyà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta níbi tí ẹ ti ń to àga, ẹ kò gbọ́ ohun tí obìnrin náà sọ. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lójú pópó.

Gbogbo yín mọ Síkírátù. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un. Òjò tó rọ̀ ní Circle, ní Accra níbí, lóṣù tó kọjá gbá ọjà rẹ̀ lọ, ìbòjú fóònù, okùn ṣájà, àti tábìlì tí ó ń kó wọn lé. Ohun tó bá tà lójúmọ́ ni wọ́n ń jẹ, ọjọ́ tí kò bá tà, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ó ti di ẹrù àwọn ọmọ náà. Ọ̀kan ń lọ sílé ní Nàìjíríà, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ tí kò rí rí láyé rẹ̀, èkejì ń lọ sọ́dọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ní Kumasi. Ẹgbẹ́ tiwa ní Darkuman níbí ní yàrá kan tí ó lè gbé, yàrá nìkan kò sì kún inú ọmọ. Àwọn atúnfóònùṣe Circle ní àyè kan níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn tí ó lè fi tajà, wọn kò lọ́jà tí wọ́n lè fún un. Àwọn obìnrin ayanja Jamestown ló ní ẹja, àwọn náà ló lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yan án. Àmínà akọ̀wé wa ló rìn ín, tó wọ ọkọ̀ trotro láti ibí dé ibẹ̀, tó mú ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sórí ìmọ̀ kan. Bí àwọn obìnrin Jamestown bá kọ̀, gbogbo rẹ̀ ti wó nìyẹn.

Nígbà tí Àmínà wá ka orúkọ alága wọn fún mi, mo ní kó tún un kà.

"Naa Korkor, Baba. Ìyá àgbà kan ni. Wọ́n ní ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Mo ní rárá. Ẹ wo irọ́ lẹ́nu àgbàlagbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ayé ṣe rí fún yín. Jamestown ni àwa ń gbé nígbà náà, a kò tíì mọ ọ̀nà Darkuman. Ilé alágbàlá kan ni, yàrá mọ́kànlá, kànga kan. Kí a tó kí ìrun àsùbáà tán ni ẹ óò ti máa gbọ́ àwọn apẹja tí wọ́n ń fa àwọ̀n, orin wọn á máa lọ sókè sódò pẹ̀lú ìgbì òkun. Lẹ́yìn orin ni èéfín. Èéfín ẹja kì í kan ilẹ̀kùn. Á wọ inú agbádá, á wọ inú ìdì tí ìyá ẹni fi ránṣẹ́ láti ilé, á wọ inú kókó tí ẹ fẹ́ mu. Bí a bá lọ kí ìrun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ńlá, ẹni tó wà ní sàfù iwájú kò ní láti wẹ̀yìn kó tó mọ̀ pé ará Jamestown ti dé. Ẹ̀yin tòní, lọ́fínńdà ni gbogbo yín ń fọ́n, a kì í mọ ibi tí ẹnikẹ́ni ti wá mọ́.

Ògiri kan ló wà láàárín àwa àti ìyá Korkor. Ará Ga, àwọn onílẹ̀ Accra, ni; ẹja ló ń yan. Bí ọdún Homowo wọn bá dé, ọdún tí wọ́n fi ń fi ebi ṣe ẹlẹ́yà, á bu kpokpoi, oúnjẹ àgbàdo ọdún náà, kún abọ́, epo pupa á máa dán lórí rẹ̀, á gbé e gba orí ògiri fún wa. Bó bá di Iléyá, itan àgbò á gba orí ògiri kan náà lọ sọ́dọ̀ tiẹ̀. Mo máa ń jẹ kpokpoi tèmi tán, n óò tún bá ẹni tó ní òun ń gba ààwẹ̀ jẹ tiẹ̀. Korkor, ọmọ obìnrin náà, á máa yọjú lórí ògiri, á máa wo bí àwọn obìnrin wa ṣe ń to àtẹ. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ Yorùbá. Ẹnu ló fi kọ́ ọ, kì í ṣe ìwé.

Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ilé wa ni Ìyá Alátẹ. Obìnrin kúkúrú ni, ó máa ń bínú, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dé tí kò ní nǹkan kan, yálà ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì láti ilé ni, tàbí ọjà rẹ̀ ló jóná, Ìyá kì í bi í pé, "Ọmọ ibo ni ọ́?" Ohun tó máa ń bi í ni pé, "Kí ni ọwọ́ rẹ mọ̀?" Bí ẹni náà bá ti dáhùn, ó parí. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ìyá á dojú odó dé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbé àtẹ lé e, òun fúnra rẹ̀ á jókòó, á kọjú sí ògiri. Gbogbo wa á máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi nǹkan kan sínú àtẹ láti inú ọjà ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́, ìyarun, dígí, òwú, àgádágodo. Ẹni tí kò ní rárá á ti ọwọ́ òfìfo bọ̀ ọ́, á yọ ọ́, á kọjá, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. A kì í béèrè ẹni tí a ń dì í fún. Àtẹ àìwojú ni a ń pè é. Ẹni tí a dì í fún á kó ọjà inú rẹ̀ lọ, á dá àtẹ padà kó tó di Jímọ̀ mìíràn. Ẹni tí a dì í fún kò mọ ẹni tí yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà gbogbo ayé ló ń kí tìtẹríba-tìtẹríba.

Èmi náà, àtẹ yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Ìwà ọ̀lẹ ẹnìkan ló jẹ́ kó fi àgádágodo tí kò ní kọ́kọ́rọ́ sínú tèmi, èmi kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tà á fún obìnrin kan tó ń ta kenkey. Ó fẹ́ dán an wò, ló bá fi ti kọ́bọ́ọ̀dù tó kó kenkey ọjọ́ yẹn sí. Àgádágodo há. Àwọn tó fẹ́ jẹun tò títí dé títì, ata ń bẹ, ẹja ń bẹ, kenkey wà ní túbú. Obìnrin náà di kọ́là ẹ̀wù mi mú, ó ní n kò ní lọ síbì kan. Ìyá Alátẹ ló mú alágbẹ̀dẹ wá tó fi ayùn gé e. Ó fi mí rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ mẹ́ta, bó bá ń pòkà á dúró, á tún bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní, bí mo bá ń ra àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ẹ rín in báyìí, nítorí ẹ̀rín ti tán nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọdún burúkú yẹn dé, tí ìjọba Ghana ní kí àwa àlejò tí kò ní ìwé máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹni tó ní ilé fi ilé sílẹ̀, ẹni tó ní ìkòkò lórí iná fi í sílẹ̀ lórí iná. Ìyá Alátẹ kò gbé wúrà fún ẹnikẹ́ni pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀, kò gbé aṣọ. Àtẹ ló gbé gba orí ògiri fún ìyá Korkor. Ó ní, "Bá mi mójú tó o." Ìyá Korkor ń sunkún, ó sì gbà á.

Ó pé ọdún mélòó kan kí díẹ̀ nínú wa tó rí ọ̀nà padà. Àtẹ wà níbẹ̀. Ìyá Korkor ní òun ń sá ẹja lórí rẹ̀ kí ikán má baà rí i jẹ. Korkor ló gbé e kọjá wá fún wa, ó ti dàgbà, ó ti ga bí igi àgbọn. Òórùn ẹja kò kúrò lára igi yẹn mọ́. Ìyá Alátẹ gbé e símú, ó ní òórùn náà dára, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ̀ ọ́.

Kò pẹ́ tí àgbà fi dé sí Ìyá, ló bá fa àtẹ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni kí o máa bi wọ́n. Ọjọ́ tí o bá bi wọ́n ní ìlú wọn, àtẹ ti fọ́ nìyẹn." Mo ní mo gbọ́.

Ṣùgbọ́n àwa tí a padà, a kì í ṣe àwa tí a lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ni í sá. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ní ìpàdé pé ti wa ni kí a máa fi tọ́jú ti wa, pé ilẹ̀ tó lé wa lẹ́ẹ̀kan tún lè lé wa. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ ní gbogbo ìpàdé, bí omi tó ń kán sójú kan. Èmi tí mo wà nípò Ìyá Alátẹ, mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, mo fi ẹnu mi jẹ obì.

Ìyá Korkor kú. Ààrò rẹ̀ wó lọ́dún kan náà. Korkor wá bá mi ní ọ̀sán kan, ó kúnlẹ̀ bí àwọn ọmọ wa ṣe ń kúnlẹ̀. Mo bi í ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

"Bròdá, ọwọ́ mi mọ ọjà títà. Láti kékeré ni mo ti ń wò yín lórí ògiri."

Mo di àtẹ fún un. Lẹ́yìn Jímọ̀, gbogbo èèyàn kọjá, wọ́n yí ojú, wọ́n fi nǹkan síbẹ̀, àtẹ kún. Korkor jáde látinú yàrá, ó wé òṣùká, mo bá a gbé e rù. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Mẹ́ta nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ dúró níbẹ̀, wọ́n ń run orín. Wọ́n rí ẹni tó ru àtẹ. Ọ̀kan nínú wọn kàn wúkọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ikọ́ ni. Ikọ́ lásán. N kò rí ọ̀kọ̀, n kò rí kóńdó. Mo gbọ́ ikọ́, ẹnu mi sì là.

"Korkor, ọmọ ibo ni ọ́?"

Ó rò pé mo ń bá òun ṣeré, ló bá rẹ́rìn-ín. "Bròdá, ẹ ò mọ̀ mí ni?"

Mo tún bi í. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Mo na ọwọ́ méjì yìí sókè, mo sọ àtẹ náà kalẹ̀ lórí rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó ga jù mí lọ, ló bá tẹ orí wálẹ̀ díẹ̀ kí ọwọ́ mi lè tó o. Ó tẹ orí wálẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó ń lọ, òṣùká ṣì wà lórí rẹ̀.

Ọmọ ìlú wa kan ni wọ́n gbé àtẹ náà fún. Nígbà tí Ìyá Alátẹ gbọ́, kò bú mi. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un lálẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, ó ní kí n gbé e padà. Títí ó fi kú, kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi mọ́.

Àtẹ sì fọ́ lóòótọ́, bó ṣe wí. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ kọjá dúró, ó wò mí lójú, ó ní, "Ta lẹ fẹ́ gbé e fún?" Kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó yá wọ́n ń béèrè ìlú, wọ́n wá ń béèrè agbo ilé. Ẹgbẹ́ kan di méjì, méjì di márùn-ún, oníkálukú ní àsíá tiẹ̀, kò sì sí èyí tó lè gbé èèyàn kan dìde. Ẹ̀yin máa ń sọ pé fóònù ló ba ayé jẹ́, ẹ ní ọ̀làjú ló pa àwọn nǹkan àtijọ́, ẹ sì ń káàánú àwa àgbà. Ẹ má káàánú mi. Kò sí ọ̀làjú kankan níbẹ̀. Èmi ni mo pa á.

N kò tún rí Korkor mọ́. Jamestown kò jìnnà, ẹ mọ̀. Bí mo bá ní nǹkan ṣe lápá ibẹ̀, mo máa ń gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi tí mo ṣu gan-an kò gbàgbé, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó kó o.

Nítorí náà, nígbà tí Àmínà ka orúkọ yẹn, mo kọ́kọ́ pinnu pé n kò ní yọjú ní Sọ́ńdè. N óò ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Bí kò bá rí mi, kò ní rántí, ọ̀rọ̀ Síkírátù á lọ ní ìrọ̀rùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí fún ara mi. Àbí kí n lọ, kó rí mi, kó ní òun kò bá ẹgbẹ́ olè ṣe, kí ọmọ opó wọ mọ́tò Kumasi nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀? Mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún. Ohun tó gbé mi dìde ni pé mo rántí ikọ́ yẹn. Mo ti fi ẹ̀rù ṣe ìpinnu kan rí, mo sì rí ohun tó bí.

Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa àtẹ náà jáde. Ẹ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wà láti ìgbà tí kò ti sẹ́ni tó ń fi nǹkan sínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin náà rí bí wọ́n ṣe dé síbí ní Sọ́ńdè. Àwọn ọmọ Circle fi bàtà olówó gọbọi wọn wọlé, wọ́n ń pe ara wọn ní chale, ìyẹn ọ̀rẹ́. Mo ti ṣàlàyé àṣà náà fún Àmínà láàárọ̀, ó sì sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n yí ojú. Wọ́n ń kọjá níwájú mi, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan sílẹ̀. Síkírátù jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn ọmọ méjèèjì rọ̀ mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà la gbọ́ "Agoo!" lẹ́nu géètì, gbogbo yín sì dáhùn "Amee!" Àwọn obìnrin Jamestown wọlé, òórùn èéfín ṣáájú wọn, òun ló sì kẹ́yìn, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Ó ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ga jù mí lọ.

Kò kí mi. Ó wo àtẹ. Ó fi ìka kan eteetí rẹ̀, ó gbé ìka náà símú. Àmínà ń rẹ́rìn-ín, kò mọ nǹkan kan. Naa Korkor kọjú sí Síkírátù, ó sì fi Yorùbá tó gbọ́ lórí ògiri sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

Síkírátù la ẹnu, ó wò mí. Ọmọ tí wọ́n bí ní Accra, tí Twi rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju Yorùbá lọ, kí ló fẹ́ sọ? Mo ní, "Naa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Kò gbé ojú kúrò lára Síkírátù. "Bròdá, òun kọ́. Ẹ̀yin ni mo ń bi."

Láti ọjọ́ tí mo ti wà láyé, kò sí ìbéèrè tó le tó bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ dárúkọ ìlú tí wọ́n ti bí mi, ó korò lẹ́nu mi. Mo fẹ́ dárúkọ Darkuman. Omi ti ń bọ́ lójú mi, ẹ rí i, ẹ̀yin rò pé ojú ló ń dùn mí. Mo ní, "Naa, èmi ni ọmọ ilé tí ìyá yín bá tọ́jú àtẹ wọn. Èmi ni mo sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ọmọ rẹ̀. N kò ní àwáwí kankan."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Síkírátù wúkọ́, mo sì yíjú wo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni Naa Korkor na ọwọ́ sẹ́yìn, obìnrin kan gbé ìdì kan lé e lọ́wọ́, ẹja yíyan nínú bébà sìmẹ́ńtì. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ti yí ojú sí ògiri, bí Àmínà ṣe kọ́ wọn. Òun kò yí ojú. Ó gbé ẹja náà sínú àtẹ, ó sì ń wò mí títí ọwọ́ rẹ̀ fi kúrò níbẹ̀. Ó fẹ́ kí n mọ ẹni tó fi í síbẹ̀.

Ó bi Síkírátù ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Síkírátù ní ó mọ ọjà títà. Naa ní, "Ó dáa. Ní Mọ́ńdè, wá sí ìdí ààrò. Mú àwọn ọmọ náà dání. Ẹnikẹ́ni kò lọ sí Kumasi."

Ó gbé ọ̀pá fún Àmínà. Ó di apá kan àtẹ mú, èmi di apá kejì, nítorí ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Síkírátù tẹ orí wálẹ̀, a sì gbé e rù ú. Ìgbà yẹn ni ẹ rí i tí mo ń gbọ̀n. Mo fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, Naa Korkor sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lókè orí ọmọ náà.

"Bròdá, ẹ dì í mú dáadáa. Ẹ ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ rí."